Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: Bọ́ọ̀lù Àwọn Ọmọdé ní Etí Òkun Àgbádárìgì

Eré ṣíṣe jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ọmọdé fi ń kọ́ bí a ti í bá ènìyàn gbé. Ní ayé àtijọ́, òkòtó, àrìn àti ìjàkadì ni àwọn ọmọ wa fi ń ṣeré ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá dé, ó sì borí gbogbo wọn. Ní ọdún 1904, àwọn ọmọ ilé-ìwé Hope Waddell ní Kàlàbá bá àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì fi 3 sí 2 borí wọn. Nígbà tí ó di ọdún 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba, púpọ̀ nínú wọn kò sì wọ bàtà lórí pápá. Ọ̀kan nínú wọn ni Teslim Balógun, tí àwọn ènìyàn ń pè ní “Thunder”, ẹni tí ó bọ́ sí ẹgbẹ́ Queens Park Rangers ní ọdún 1956. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá rí ọmọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà lórí iyanrìn, ẹ má ṣe fi ojú tínrín wò ó.

Àgbádárìgì jẹ́ ìlú tí omi yí ká. Ọ̀sà ni ó wà níwájú rẹ̀. Bí a bá wọ ọkọ̀ la ọ̀sà náà kọjá, a ó dé erékùṣù Gberefu, ilẹ̀ iyanrìn àti igi àgbọn, lẹ́yìn rẹ̀ ni òkun ńlá. Ọ̀nà yìí ni a ń kó àwọn ẹrú gbà nígbà òwò ẹrú. Lónìí, ọmọ Ògù àti ọmọ Yorùbá jọ ń ṣeré níbẹ̀, wọn a sì máa pa èdè méjèèjì pọ̀ bí wọ́n bá ń pe bọ́ọ̀lù.

Aránṣọ ni mo jẹ́ ní ìlú yìí. Nígbà tí àkọ́bí mi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí àbúrò rẹ̀ sì pé méje, olùkọ́ kan kó ọmọ mẹ́wàá jọ ní àdúgbò wa, ó fi wọ́n ṣe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Àdúgbò márùn-ún ni ó jọ díje. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò bá àwọn mẹ́rin yòókù pàdé ní ọjọ́ Sátidé, láti oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ títí di oṣù Ẹrẹ́nà, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ méje ni yóò wà lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ náà fi òfin kan lélẹ̀: gbogbo ọmọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ ìdíje kọ̀ọ̀kan, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Gbogbo àwa òbí ni a gbà bẹ́ẹ̀.

Èmi ni mo rán aṣọ wọn. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni mo fi rán an, mo gé nọ́ńbà láti ara aṣọ funfun, mo sì rán an mọ́ ẹ̀yìn. Nọ́ńbà 10 ni ti àbúrò. Ẹ̀wù náà bò ó dé orúnkún, síbẹ̀ kò gbà kí ìyá rẹ̀ bọ́ ọ lọ́rùn òun ní alẹ́. Inú rẹ̀ ni ó sùn.

Ìdíje àkọ́kọ́ kò dára rárá. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá lọ ni gbogbo wọn ń sáré lọ, bí òròmọdìẹ tí a da àgbàdo fún. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù 4 wọlé wa, àwa kò gbá ẹyọ kan. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, olùkọ́ fi igi fa ìlà sórí iyanrìn, ó sì fi ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ipò tirẹ̀. Ìdíje kejì parí sí 1 sí 1. Àwọn ọmọ náà yọ̀ bí ẹni tí ó gba ife.

Gberefu ni a ti ṣe ẹ̀kẹta. Ọmọ kan gbá bọ́ọ̀lù sókè, afẹ́fẹ́ gbé e, ó sì bọ́ sínú òkun. Àbúrò sáré tẹ̀lé e. Omi ti dé orúnkún rẹ̀ kí àgbà apẹja kan tó di ẹ̀wù rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Olùkọ́ fọn fèrè, ó kó gbogbo ọmọ jọ, ó sì bẹ bàbá náà kí ó bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní:

“Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe ìgbì tí ń bọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù jù, omi tí ń padà lọ ni. Omi tí ìgbì bá gbé wá sí etí òkun gbọ́dọ̀ padà, a sì máa gba ojú kan padà bí odò. Ibi tí ẹ bá rí i tí omi dákẹ́ láàárín ìgbì méjì, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀. Bí ó bá gbé ènìyàn, kí ó má ṣe bá a jà. Kí ó léfòó, kí ó ké sí ènìyàn, kí ó sì máa lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ lọ títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Bọ́ọ̀lù ni a lè tún rà.”

A fi bọ́ọ̀lù mìíràn parí eré náà, a sì borí pẹ̀lú 2 sí òdo. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tí ń fa àwọ̀n ní ìsàlẹ̀ etí òkun rí bọ́ọ̀lù wa he ní ìhà ìlà-oòrùn, nítorí pé apá ibẹ̀ ni omi etí òkun wa máa ń ti nǹkan lọ.

Ìdíje ìkẹyìn ni ó dán ọkàn àwọn àgbà wò. Bí a bá borí, ife di tiwa. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wà ní 1 sí 1, nọ́ńbà 10 kò sì tíì wọlé. Àwọn òbí kan dìde, wọ́n ń pariwo pé kí a fi ọmọ kékeré náà sílẹ̀. Olùkọ́ dá wọn lóhùn pé: “Òfin tí a ṣe ní ọjọ́ tí ọkàn wa balẹ̀ ni ó yẹ kí a pa mọ́ ní ọjọ́ tí ọkàn wa gbóná.” Ó sì mú ọmọ náà wọlé.

Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù fi gba àárín ẹsẹ̀ àbúrò kọjá, ó sì wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ife ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa. Ọmọ náà jókòó sórí iyanrìn, ó fa ẹ̀wù bo orí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí omijé wà lójú òun náà, lọ jókòó tì í. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń gbọn iyanrìn kúrò ní ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn mẹ́jọ yòókù wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, àwọn àgbà ṣì ń ka ẹjọ́ bọ́ọ̀lù náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti ń jiyàn lórí ẹni tí yóò ṣọ́lé ní ọdún tí ń bọ̀.

Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Nínú gbogbo ohun tí mo rí ní ìgbà ẹ̀rùn náà, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n lórí ẹsẹ̀ àbúrò ni ó ṣe iyebíye jù lójú mi. Òfin tí ó dáàbò bo aláìlágbára kò ṣòro láti yìn nígbà tí kò bá ná wa ní nǹkan kan. Ọjọ́ tí yóò gba ife lọ́wọ́ wa ni a ń mọ̀ bóyá a fẹ́ràn rẹ̀ ní tòótọ́.

ÌBÉÈRÈ
1. Òfin wo ni olùkọ́ náà fi lélẹ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀ ní èrò tìrẹ?
2. Kí ni ó yẹ kí ẹni tí omi òkun bá gbé ṣe?
3. Ṣe àlàyé ìtumọ̀ òwe yìí: “Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.”
4. Kọ àròkọ kan lórí ọjọ́ tí ìwọ tàbí ẹgbẹ́ rẹ pàdánù nínú eré kan.