Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Láti Ibi Tí Kò Ti Pọn Dandan

Ẹ̀yin olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ní Lọ́kọ́jà, ẹ má ṣe pẹ́ lórí "must". Ọmọ tó bá dé kíláàsì yín ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá ilé ìwé, ó sì ti kà á lára ògiri. Kò yà mí lẹ́nu. Ìlú yìí ni wọ́n ti ka ìkéde tí Lugard fi gba àkóso Àríwá Nàìjíríà lọ́jọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1900. Gẹ̀ẹ́sì àṣẹ kì í ṣe àlejò létí wa.

Ìgbà tí "not" bá wọ inú ọ̀rọ̀ ni ẹsẹ̀ ń yọ̀. Ìwé á ní "must" àti "have to" jọra, òótọ́ sì ni, bí kò bá sí "not" níbẹ̀. "You must go", "You have to go": lílọ di dandan nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n "You must not go" ti ilẹ̀kùn pa, "You don't have to go" sì fi í sílẹ̀ gbayawu: bó bá wù ọ́, lọ, bí kò bá wù ọ́, jókòó. Ọmọ tó ti há a sórí pé ọ̀kan náà ni wọ́n á kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ l'Ábújá pé, "You must not send me money this term." Ohun tó fẹ́ sọ ni pé kí wọ́n má ṣe ìyọnu. Ìwé tó yẹ kó gba àdúrà wá di ìwé àfojúdi.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́ ọmọ láti máa bi ara rẹ̀: "Bí ẹni náà bá ṣe é, ṣé ó jẹ̀bi?" Bó bá jẹ̀bi, "must not" ni. Bí kò bá jẹ̀bi, "don't have to" tàbí "needn't" ni. Kó tó mú bírò, kó kọ́kọ́ fi èdè ilé rẹ̀ dáhùn. Ọmọ Yorùbá kì í ṣi "kò gbọdọ̀" mú fún "kò pọn dandan". Èyí tó gbọ́ Haúsá á ní "ba dole ba ne". Nínú Pídínì tí gbogbo wọn jọ ń sọ lọ́jà, "no be by force" ni. Ọmọ Òwòrò, Ókun, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Núpé ló kún kíláàsì wa. Olùkọ́ tó bá ń na ọmọ nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀ ń ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Ẹ mú àpẹẹrẹ níbi tó ti dun àwọn ọmọ. Omi bo àdúgbò púpọ̀ níbí lọ́dún 2012, ó tún padà wá ní 2022, ó dí ọ̀nà Ábújá. Ẹni tó ń gbé etí odò, "You must leave." Ẹni tílé rẹ̀ wà lórí òkè, "You don't have to leave, but you must not drive through the water." Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ gbólóhùn méjèèjì, kí wọ́n wo ẹni tí omi máa gbé lọ.

Fún "should", ìwé òfin ojú pópó àwọn ará Britain, Highway Code, wúlò gan-an. Níbi tí wọ́n bá kọ "MUST" sí, òfin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá kọ "should" sí, ìmọ̀ràn ni.

Ọ̀rọ̀ àgbà náà wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fúnni. "You" ni fún ọba, "you" ni fún ọmọ ọwọ́. Ibòmíràn ni ọ̀wọ̀ ń bá wọlé: "Could you", "I would be grateful if you". Ọmọ tó bá kọ "You must pay my fees" sí bàbá rẹ̀ ti pàṣẹ fún un. Síbẹ̀, bí Òyìnbó bá ní "You must come and eat with us", àpọ́nlé ni, kì í ṣe àṣẹ. (Èyí máa ń pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín.)

Ti àná kò le: "I had to go", kì í ṣe "I must went". Èyí tí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò fẹ́ràn ni "You needn't have bought it": o ti rà á, owó sì ti lọ lásán. "You didn't need to buy it" kò sọ bóyá o rà á tàbí o kò rà á.

Ẹ jọ̀ọ́, kí sáà yìí tó parí, ẹ yọ̀ǹda ọ̀sẹ̀ kan gbáko fún "don't have to" àti "needn't" nìkan. "Must" lè dúró.