Kọ̀ǹpútà Wa àti Ètò Tí Ó Ń Darí Rẹ̀: Ṣé Kí Á Pààrọ̀ Rẹ̀ Ni, Àbí Kí Á Fi Í Sílẹ̀?

ÌFÁÀRÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára. Ọ̀rọ̀ yìí bá ohun tí ó ń kọ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti àwa akẹ́kọ̀ọ́ lóminú mu. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dẹ́kun àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí Windows 10. Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan náà ni à ń gbọ́ ní Àgbowó, ní Bódìjà, ní Dùgbẹ̀ àti ní Challenge: ṣé kí á fi Windows 11 sí kọ̀ǹpútà wa ni, àbí kí á máa lo èyí tí ó wà níbẹ̀?

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ètò ìdarí jẹ́. Lẹ́yìn èyí, a ó wo ewu tí ó wà nínú lílo ètò tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá, a ó wo agbára ẹ̀rọ, a ó sì wo ohun tí ó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá gan-an.

ORÍKÌ ÈTÒ ÌDARÍ

Ètò ìdarí ni ó dúró láàárín irin kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ tí à ń fi í ṣe. Bí a bá tẹ lẹ́tà kan, òun ni ó ń gbà á lọ́wọ́ pátákó ìtẹ̀wé, tí ó sì ń fi í lé ètò ìkọ̀wé lọ́wọ́. Òun ni ó ń pín àyè ìrántí fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òun ni ó ń pa fáìlì mọ́, òun náà ni ó sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Windows ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín wa. Windows XP jáde ní ọdún 2001, Windows 7 ní 2009, Windows 10 ní 2015, Windows 11 ní 2021. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìgbà tirẹ̀. Ìtọ́jú XP parí ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, ti Windows 7 sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Nítorí náà, ohun tí ó dé bá Windows 10 kì í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÈTÒ TÍ ÌGBÀ RẸ̀ TI KỌJÁ

Ẹnìkan lè sọ pé, “Ṣebí kọ̀ǹpútà mi ṣì ń ṣiṣẹ́?” Òótọ́ ni. Bí àwọn ará àdúgbò kan bá dá ọlọ́dẹ wọn dúró, kò sí ilé tí yóò wó lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀kùn ṣì ń ṣí, ó sì ń tì. Ṣùgbọ́n olè tí ó bá rí ibi tí ògiri ti sán yóò máa gba ibẹ̀ wọlé, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò dí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò gba àtúnṣe ààbò mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2017 ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún náà, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry bẹ̀rẹ̀ sí í ti fáìlì àwọn ènìyàn mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì ń béèrè owó kí ó tó ṣí i. Ó ju 200,000 kọ̀ǹpútà lọ tí ó bà jẹ́ ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba ní láti dá aláìsàn padà. Bẹ́ẹ̀ ni, láti ọjọ́ 14 oṣù kẹta ni Microsoft ti ṣe àtúnṣe tí ó dí ihò náà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n Windows 7, tí ó ṣì ń gba àtúnṣe nígbà náà, ni ó wà lórí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ogun náà kó. Àwọn tí ó ni wọ́n kò gba àtúnṣe náà wọlé ni.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní, ètò tí kò ní àtúnṣe mọ́ léwu. Èkejì, ètò tuntun tí ẹni tí ó ni ín bá dí ọ̀nà àtúnṣe rẹ̀ nítorí pé ó ń jẹ dátà kò sàn ju ti àtijọ́ lọ. Kí ẹni tí kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì má sì rò pé òun ti bọ́. Fíláàṣì tí a fi gbé iṣẹ́ lọ tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tí a sì tún kì bọ kọ̀ǹpútà wa nílé, lè gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

AGBÁRA Ẹ̀RỌ

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tí Windows 11 ń béèrè kì í ṣe kékeré: àyè ìrántí tí kò dín ní gígábáìtì 4, àyè ìpamọ́ tí kò dín ní gígábáìtì 64, àti ẹ̀yà kan tí à ń pè ní TPM 2.0, tí ó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Bí ọpọlọ ẹ̀rọ náà bá sì jẹ́ ti Intel, ìran kẹjọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 2017, ni ó sábà máa ń gbà sókè. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí à ń rà kò tó bẹ́ẹ̀. Microsoft ní ètò ọ̀fẹ́ kan, PC Health Check, tí yóò sọ fún wa bóyá ẹ̀rọ wa kún ojú òṣùwọ̀n. Kí á lò ó kí á tó gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Àwọn oníṣẹ́ kan mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi Windows 11 sí ẹ̀rọ tí kò kún ojú òṣùwọ̀n. Microsoft sì ti sọ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní ìdánilójú pé yóò máa rí àtúnṣe gbà. Bí ó bá jẹ́ pé torí àtúnṣe ni a ṣe fẹ́ pààrọ̀, kí ni èrè rẹ̀?

OHUN TÍ Ó KAN ÀWA TÍ À Ń KỌ YORÙBÁ

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá ju ẹlòmíràn lọ. Lónìí, ìlànà Unicode ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Lẹ́tà bí ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú rẹ̀. Ọ́ sì jẹ́ ọ tí a fi àmì ohùn lé lórí. Iṣẹ́ tí a bá fi Unicode kọ yóò ṣeé kà nínú Windows 10 àti 11, pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá sì wà nínú méjèèjì.

Ṣùgbọ́n kí Unicode tó gbilẹ̀, fọ́ńtì àdáni ni ọ̀pọ̀ fi kọ Yorùbá. Ẹni tí ó ṣe irú fọ́ńtì bẹ́ẹ̀ a mú ipò àmì mìíràn, a sì ya ẹ tàbí ọ síbẹ̀. Bí fọ́ńtì náà bá ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀hun-ẹ̀hun ni a ó máa rí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun méjì. Bí a bá ti inú Windows 10 bọ́ sí Windows 11 bí Microsoft ṣe là á sílẹ̀, fáìlì àti fọ́ńtì wa sábà máa ń wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ bá ní òun fẹ́ fọ́máàtì ẹ̀rọ, yóò nù ún mọ́ tónítóní ni.

Ẹ ro olùkọ́ tí ó gba ìjálá tàbí ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, tí àwọn àgbà náà sì ti lọ. Kọ̀ǹpútà ṣeé tún rà. Ohùn ẹni tí ó ti lọ kò ṣeé tún gbà.

ÀPẸẸRẸ MẸ́TA

Lágbájá ní ẹ̀rọ tí ó kún ojú òṣùwọ̀n, àyè ìrántí rẹ̀ sì jẹ́ gígábáìtì 8. Kí ó pààrọ̀, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí Windows 10 rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ó fi àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀ sílẹ̀, kí ó parí rẹ̀ ná. Bí Windows 11 kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní ọjọ́ 10 láti padà sí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ Tàmẹ̀dò ti ọdún 2013 ni. Microsoft ṣètò àfikún ọdún kan fún irú wọn, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026, fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀. Ẹlòmíràn ń san 30 dọ́là. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àgbà, ó sì ní pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá. Kí Tàmẹ̀dò kàn mọ̀ pé iṣẹ́ tí a fi Word kọ lè yí ìlà padà nínú LibreOffice; kí ó yẹ ojú ìwé wò kí ó tó lọ tẹ̀ ẹ́.

Làkáṣègbè ní iṣẹ́ ogún ọdún tí ó fi fọ́ńtì àtijọ́ kọ. Kí ó má tíì pààrọ̀ ohunkóhun. Kí ó ṣe ẹ̀dà fọ́ńtì náà, kí ó sọ àwọn iṣẹ́ náà di PDF kí ìrísí wọn má baà yí, kí ó sì máa tún wọn kọ sínú Unicode díẹ̀díẹ̀. Títí di ìgbà náà, kí ẹ̀rọ náà jìnnà sí íntánẹ́ẹ̀tì àti sí fíláàṣì ẹni ẹlẹ́ni.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Ohun tí a rí fà yọ ni pé ìbéèrè náà kì í ṣe ti tuntun àti àtijọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni: ṣé ètò yìí ṣì ní ọlọ́dẹ? Ṣé ẹ̀rọ mi lè gbé tuntun? Ṣé iṣẹ́ mi yóò ṣeé kà lẹ́yìn rẹ̀? Èyí ó wù kí ìdáhùn jẹ́, ẹ̀dà iṣẹ́ wa ni kí á kọ́kọ́ ṣe sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí á ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí á sì rí i dájú pé àmì ohùn wà lórí rẹ̀ pé pérépéré. Lẹ́yìn èyí ni kí á tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà.