Àdúrà Àwọn Júù Nígbà Tí Ìwé Ìjọba Di Ìdẹkùn

Kíkà: Ẹ́kísódù 1:15–2:10, Orin Dáfídì 22, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 5:27–33

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìrìbọmi, láti ọdún 1954 ni àwọn onígbàgbọ́ ti ń rìnrìn-àjò mímọ́ wá sí ihò àpáta Arigbo nínú oṣù kẹjọ láti kí Ìyá Olúwa wa. Ẹ ti gbọ́ orin wọn, ẹ sì ti rí àbẹ́là wọn. Ẹ rántí pé obìnrin Júù ni ẹni tí wọ́n wá kí. Ilé Júù ni a ti tọ́ ọ dàgbà. Àdúrà àwọn Júù ni ó fi kọ́ Ọmọ rẹ̀. Orin ìyìn rẹ̀ tí Lúùkù Mímọ́ kọ sí orí kìn-ín-ní ìwé rẹ̀ sì jọ àdúrà Hánà, ìyá Sámúẹ́lì, púpọ̀púpọ̀. Ẹni tí ó ń kí Màríà, tí ó sì kórìíra àwọn ènìyàn rẹ̀, kò tíì mọ ẹni tí ó ń kí.

A bẹ̀rẹ̀ báyìí nítorí ìbéèrè kan tí kì í tán láàárín àwọn tí ń kọ́ katekísìmù: “Ṣé kì í ṣe àwọn Júù ni ó pa Jésù ni?” Ìjọ ti dáhùn. Ìpàdé Ńlá Vatican Kejì, nínú ìwé Nostra Aetate tí a gbé jáde ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1965, kọ́ wa pé a kò lè di ẹ̀bi ikú Olúwa ru gbogbo àwọn Júù ìgbà ayé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè dì í ru àwọn Júù òde òní. Katekísìmù Ìjọ Kátólíìkì tún èyí sọ ní nọ́ńbà 597, nọ́ńbà 598 sì yí ojú wa sí ẹ̀ṣẹ̀ tiwa. Ẹni tí ó bá tún béèrè, kí ẹ ka ibẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn ènìyàn yìí ṣe ń gbàdúrà. Láti ìgbà tí àwọn ará Róòmù ti wó Tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70, wọn kò ní pẹpẹ ẹbọ mọ́. Ilé ni àdúrà wọn wọ̀ sí. Ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ ni Júù olóòótọ́ máa ń ka Ṣẹ́mà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú Diutarónómì 6:4–9, tí ó ń jẹ́wọ́ pé Ọlọ́run Ísírẹ́lì nìkan ṣoṣo ni Ọlọ́run, tí ó sì ń pàṣẹ pé kí a fẹ́ ẹ pẹ̀lú gbogbo ọkàn. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí awọ, wọ́n fi í mọ́ òpó ilẹ̀kùn. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ni a ń fi í kọ́. Òun náà ni ẹni tí ń kú lọ ń fẹ́ kí ó gbẹ̀yìn ní ẹnu òun. Bí ọkùnrin mẹ́wàá tí ó ti dàgbà bá péjọ, gẹ́gẹ́ bí àṣà àtijọ́, àdúrà ìjọ ti pé nìyẹn. Kò di dandan kí àlùfáà wà níbẹ̀, kò di dandan kí ilé náà tóbi, kò sì sí ìwé àṣẹ kankan tí wọ́n ní láti gbà.

Wọ́n ní àdúrà kan fún òkú tí wọ́n ń pè ní Kádíṣì. Kò dárúkọ ikú rárá. Ìyìn orúkọ Ọlọ́run ni láti òkè dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni wọ́n fún wa ní Orin Dáfídì 88, tí ó parí sínú òkùnkùn láìsí ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan, àti Orin Dáfídì 22 tí Olúwa wa gbà lórí igi àgbélébùú. Júù a máa bá Ọlọ́run rojọ́. Kì í torí ìyẹn fi í sílẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì dán ìgbàgbọ́ yìí wò. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1940, ìjọba Faransé tí Pétain ń darí láti ìlú Vichy ṣe òfin kan tí ó yọ àwọn Júù kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba, nínú iṣẹ́ olùkọ́, nínú ipò ọ̀gá ológun àti nínú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ẹ fetí sí abala kẹsàn-án òfin náà: ó ní kí òfin náà múlẹ̀ ní Àlùjíríà àti ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Dahomey, tí í ṣe Bénin wa lónìí, wà nínú rẹ̀. Gómìnà Àgbà Pierre Boisson ní Dakar dúró ti ìjọba Vichy títí di oṣù kọkànlá ọdún 1942. Bóyá ni ẹnikẹ́ni lórí àwọn òkè Dassa fi ojú kan Júù rí nígbà náà. Síbẹ̀ abẹ́ òfin yẹn ni àwọn òbí wa àgbà ń gbé.

Ní apá Faransé tí àwọn ará Jámánì gbà, wọ́n ti pàṣẹ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1940 pé kí gbogbo Júù lọ forúkọ sílẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá. Àwọn tí ó lọ ní Paris àti agbègbè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 150,000. Kí ni ó mú wọn lọ? Ènìyàn tí ń pa òfin mọ́ ni wọ́n. Àwọn mìíràn nínú wọn ti bá Faransé jagun láti 1914 sí 1918, wọ́n sì gbà pé orílẹ̀-èdè tí àwọn ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún kò ní dà àwọn. Àwọn ọlọ́pàá kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ wọn sórí káàdì, wọ́n tò ó jọ. Ní ọjọ́ 16 àti 17 oṣù keje ọdún 1942, àwọn ọlọ́pàá Faransé mú káàdì wọ̀nyí dání lọ láti ilé dé ilé. Àwọn tí wọ́n kó tó 13,000, àwọn ọmọdé inú wọn lé ní 4,000. Wọ́n há àwọn ìdílé tí ó ní ọmọ mọ́ inú pápá ìdíje kẹ̀kẹ́ kan fún ọjọ́ mélòó kan, láìsí omi tí ó tó, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú irin kó wọn lọ sí àgọ́, àti láti àgọ́ lọ sí Auschwitz.

Ṣùgbọ́n káàdì tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá ní ọjọ́ yẹn lé ní 27,000. Ó ju ìdajì lọ tí wọn kò rí mú. Àwọn ọlọ́pàá kan ti ta àwọn ènìyàn lólobó. Àwọn Júù kan ti tẹ ìwé ìkìlọ̀ ní èdè Yídíṣì, wọ́n sì pín in ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tí ó gba ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ gbọ́ sá lọ. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìwé olóǹtẹ̀ dúró sílé. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló sá, tí wọ́n fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀, torí wọn kò rò pé ìjọba kan lè wá mú ọmọ ọwọ́.

Ní Warsaw, ní ilẹ̀ Pólándì, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn ará Jámánì ti fi ìgbìmọ̀ àwọn Júù fúnra wọn ṣe ọ́fíìsì àṣẹ. Nígbà tí ìkónilọ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 1942, wọ́n ní ìlà-oòrùn ni wọ́n ń kó àwọn ènìyàn lọ láti lọ ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣèlérí kílò 3 búrẹ́dì àti kílò 1 èso tí a fi ṣúgà sè fún ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ènìyàn tán. Ọ̀pọ̀ ló wá. Treblinka ni ọkọ̀ ń kó wọn lọ, ikú ni ó sì wà níbẹ̀. Adam Czerniaków, olórí ìgbìmọ̀ náà, gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní ọjọ́ kejì nígbà tí ó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó fọwọ́ sí. A fi ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Títí di oṣù kẹsàn-án, wọ́n ti kó ènìyàn tí ó lé ní 250,000 kúrò ní ìlú náà.

Nínú ìlú kan náà ni rábì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kalonymus Shapira. Bọ́ǹbù ti pa ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1942, ó ń wàásù fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi, ó sì ń kọ ìwàásù rẹ̀ sílẹ̀. Kò ṣèlérí fún wọn pé ìjọba yóò yí ọkàn padà. Ó kọ́ wọn pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ń sunkún ní ìkọ̀kọ̀ nítorí ìyà wọn, àti pé ẹni tí ó bá gbàdúrà lè wọ inú ẹkún yẹn bá a. Wọ́n ri ìwé rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú agolo wàrà pẹ̀lú àwọn ìwé mìíràn. Wọ́n pa á ní oṣù kọkànlá ọdún 1943. Ní ọdún 1950 ni wọ́n hú agolo náà jáde láti abẹ́ àwókù ilé, a sì ń ka ìwé náà títí di òní.

Àwa ará Dassa mọ ohun tí òkè wà fún. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Abomey ń kó ènìyàn lẹ́rú, orí àpáta ni àwọn baba wa sá gùn. Nígbà tí aláwọ̀ funfun ń ka orí fún owó orí àti fún ogun, ẹni tí ó gbọ́n a kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ òun ṣe. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ̀ láti gba ìwé ìbí fún ọmọ rẹ̀ o! Ọmọ tí kò ní ìwé ìbí, ojú rẹ̀ a máa rí màbo ní ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí mò ń sọ ni èyí tí àwọn agbẹ̀bí Hébérù méjì nì, Ṣífúrà àti Púà, ti ṣe níwájú Fáráò: ọba pàṣẹ kí wọ́n pa ọmọ, wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, wọn kò pa á. Pétérù sọ ohun kan náà níwájú ìgbìmọ̀ Jerúsálẹ́mù. Katekísìmù, ní nọ́ńbà 2242, fi í lé wa lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ojúṣe: bí àṣẹ ìjọba bá lòdì sí ìwà títọ́ àti sí ẹ̀tọ́ ènìyàn, ẹ̀rí-ọkàn kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e. Síbẹ̀ àwọn Júù kan náà ní àdúrà fún ìjọba ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń gbà nínú sínágọ́gù ní ọjọ́ ìsinmi, nítorí wòlíì Jeremáyà (29:7) ti kọ̀wé sí wọn ní oko ẹrú pé kí wọ́n máa gbàdúrà fún ìlú náà. A lè gbàdúrà fún ọ́fíìsì kan kí a má sì fi ọmọ wa lé e lọ́wọ́.

Ìjọ ńkọ́? Òtítọ́ ni a ó sọ fún yín kí ẹ tó wọlé. Nígbà tí òfin ọdún 1940 jáde, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Faransé kò sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1942 ni Jules-Géraud Saliège, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Toulouse, kọ lẹ́tà pé ènìyàn ni àwọn Júù, arákùnrin wa ni wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo nǹkan ni a lè ṣe sí wọn. Àìsàn ti mú ara rẹ̀ rọ débi pé kò lè sọ̀rọ̀ geere. Aṣojú ìjọba ní kí wọ́n má kà á. Ọ̀pọ̀ àlùfáà kà á nínú Mísà ní ọjọ́ Àìkú 23 oṣù náà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, Bíṣọ́ọ̀bù Théas ti Montauban kọ tirẹ̀. Wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé ilé ìfìwéránṣẹ́, nítorí ìjọba ń tú lẹ́tà wò. Obìnrin kan, Marie-Rose Gineste, gun kẹ̀kẹ́, ó sì gbé lẹ́tà náà kiri láti ìjọ dé ìjọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1997, ní Drancy tí ọkọ̀ ti ń kó àwọn Júù lọ, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Faransé bẹ Ọlọ́run, wọ́n sì ní kí àwọn Júù gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà, nítorí ìdákẹ́jẹ́ ìgbà yẹn.

Ọ̀ràn kan kù tí ó kan ìrìbọmi gan-an. Wọ́n kó dókítà Júù kan àti ìyàwó rẹ̀, Fritz àti Annie Finaly, lọ sí Auschwitz ní ọdún 1944, ọmọkùnrin wọn méjì sì kù ní Faransé. Obìnrin Kátólíìkì tí ó tọ́ wọn mú kí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wọn ní ọdún 1948, nígbà tí àwọn ẹbí wọn ti ń béèrè wọn. Àwọn àlùfáà àti àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn kan gbé àwọn ọmọ náà pamọ́ títí wọ́n fi dé ilẹ̀ Sípéènì, kí wọ́n tó dá wọn padà fún ẹbí wọn ní ọdún 1953. Òfin ìlú ni ó gbèjà àwọn Júù nínú ọ̀ràn yẹn, àwọn ọmọ Ìjọ kan ni ó tàpá sí i. Ìdí nìyẹn tí a ó fi bi yín ní ẹnu ara yín ní alẹ́ Àjíǹde bóyá ẹ fẹ́, tí a kò sì ní gba ìdáhùn ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1940, ní Orléans, ọmọ Júù kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá béèrè fún ìrìbọmi fúnra rẹ̀, ó sì gbà á. Aaron ni orúkọ rẹ̀. Ó fi Jean-Marie kún un. Wọ́n kó ìyá rẹ̀ lọ sí Auschwitz, kò sì padà. Ọmọ náà ni Kádínà Lustiger, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Paris ní ọdún 1981, tí kò sì sọ rí pé òun kì í ṣe Júù mọ́. Nígbà tí wọ́n ń sin ín ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, wọ́n gbé pósí rẹ̀ kalẹ̀ níwájú Notre-Dame. Ìbátan rẹ̀ kan ka Kádíṣì síbẹ̀, kí wọ́n tó gbé e wọlé fún Mísà.

Fún ọ̀sẹ̀ yìí: kí olúkúlùkù ka Orin Dáfídì 22 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ohùn òkè, ní ilé, lálẹ́. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan ní agbo ilé yín bí wọ́n ṣe ń sá gun òkè nígbà ogun, àti àdúrà tí wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ẹ mú ìdáhùn rẹ̀ wá sí ìpàdé wa tí ń bọ̀.