"Stranger", "Visitor", "Settler": Ọ̀nà Tí Gẹ̀ẹ́sì Gbà Ń Pe Àlejò

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, èyíinì ni "stranger". Àwọn ọmọ wa a máa kọ ọ́ sínú àròkọ pé: "My father received strangers yesterday." Ohun tí ọmọ náà ní lọ́kàn ni pé bàbá òun gba àlejò. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sọ ni pé bàbá rẹ̀ gba àwọn tí kò mọ̀ rí sínú ilé. Tíṣà á fi bírò pupa fa igi sí i, ọmọ kò sì ní mọ ohun tí òun ṣe.

Kí ẹ tó bá ọmọ wí, ẹ rántí pé èdè wa ló kó gbogbo wọn sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Àlejò ni ẹni tó wá kí wa tó máa padà nírọ̀lẹ́. Àlejò ni ẹni tí a kò mọ̀ rí. Àlejò náà ni ẹni tó ti gbé ìlú fún ọgbọ̀n ọdún tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hausa tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́ ṣe ń lo "baƙo". Lárúbáwá ló yà wọ́n sọ́tọ̀, àwọn ọmọ ilé-kéwú wa sì mọ̀ ọ́n: "dayf" ni àlejò tí a gbọ́dọ̀ pọ́n lé, "gharib" ni àjèjì.

Gẹ̀ẹ́sì náà yà wọ́n. "Visitor" ni ẹni tó yà kí wa, ìbáà ṣe nílé tàbí ní ọ́fíìsì. "Guest" ni ẹni tí a ń ṣe lálejò, tí a fún ní oúnjẹ àti ibùsùn. Èyí tí ọmọ wa ìbá kọ nìyẹn. "Stranger" ni ẹni tí a kò mọ̀, kódà bó jẹ́ Yorùbá bíi tiwa. Nítorí náà, bí tíṣà bá ní kí ọmọ má tẹ̀ lé "stranger", ẹni tó ń fi Yorùbá dídùn pè é lójú títì wà nínú rẹ̀.

"Foreigner" ni ará orílẹ̀-èdè mìíràn. Yorùbá tó wà ní Kánò kì í ṣe "foreigner", bó ti wù kí ilé rẹ̀ jìnnà tó. Bí òfin bá fẹ́ pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, "alien" ni í sábà lò, àwọn àgbà wa tó gbé Gánà sì mọ ọ̀rọ̀ yẹn dunjú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo "alien" tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bí ọmọ sí Kùmásí, tó ń fi Twi nájà, di ẹni tó ń di ẹrù.

"Settler" ni ẹni tó ti ibòmíràn wá tó sì tẹ̀dó. Kò sí èébú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà a ti sọ ọ́ di ọ̀tá "indigene", ìyẹn ọmọ ìbílẹ̀. Àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí wà lára ohun tó dá ìjà ìlú Jos sílẹ̀ lọ́dún 2001. Lóòótọ́, ìwé òfin ọdún 1999 dárúkọ "indigene" ní abala 147, níbi tó ti ní kí mínísítà kan ó kéré tán wá láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní abala 41, níbi tó ti sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé níbikíbi ní Nàìjíríà, "citizen" ló kọ síbẹ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè nìyẹn. Gbogbo wa ni.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n bá kọ "State of Origin", ìpínlẹ̀ bàbá yín ni kí ẹ kọ, ẹ má parọ́. Níbi "Residence", ibi tí ẹ ń gbé. Níbi "Nationality", ẹ kọ "Nigerian". A ti rí ọmọ tó kọ "Yoruba" síbẹ̀. Bí a bá sì ń kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ nípa omi tàbí ọ̀nà àdúgbò wa, kí akọ̀wé má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "We, the settlers" tàbí "We, the strangers". Kí ó kọ ọ́ báyìí: "We, the residents of this area."