Èrò Rere Nìkan Kò Tó

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo máa ń gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ fayé yín ṣe. Ọ̀kan á ní òun fẹ́ ran aráàlú lọ́wọ́, òmíràn á ní òun fẹ́ dèèyàn ńlá. Àmín. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi yín pé kí lẹ máa ti ṣe tán kí ọdún yìí tó parí, ẹ̀rín lẹ fi ń dá mi lóhùn. Ète ló ń sọ ìdí tá a fi jáde nílé. Iṣẹ́ tá a dá ọjọ́ fún yàtọ̀ sí i: ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì mọ̀ bóyá ó ti tán.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà láyé ọjọ́un. Ète Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), tó ń ṣèjọba níbẹ̀, ni pé kí ọmọ tálákà náà mọ̀wé. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, ọ̀rọ̀ dídùn lásán ni ì bá jẹ́. Lọ́dún 1952, S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé ètò kalẹ̀ pé ọdún 1955 ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Láti orí ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ṣírò padà sẹ́yìn: àwọn olùkọ́ tí wọ́n máa kọ́, kíláàsì tí wọ́n máa mọ, owó orí tó máa gbé e. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, 1955, ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1954 tó bí 457,000. Lọ́dún 1955, wọ́n lé ní 800,000.

Owó orí yẹn bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú o. Nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, NCNC, ẹgbẹ́ alátakò wọn, ló kó ìjókòó tó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ì bá pa ètò náà tì, wọn kò pa á tì. Irú ọjọ́ báyẹn ni ète máa ń wúlò.

Ohun tó ń dùn mí lónìí ni pé iye nìkan la ń lé, a ti gbàgbé ète. Òbí á sanwó kí ọmọ lè lọ ṣe WAEC níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó. Kírẹ́díìtì márùn-ún á pé pérépéré, ọmọ ò sì lè dá lẹ́tà kan kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà á, bó bá tiẹ̀ jẹ́ àwa òbí yín la mú un wá.

Ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ ìdí sókè, ẹ kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo àti ọjọ́ rẹ̀ sábẹ́. Kí ẹ wá fi han ẹni tí kò ní tijú láti bi yín léèrè nígbà tọ́jọ́ bá pé.