Díẹ̀ Tí Kì Í Dáwọ́ Dúró



Bí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bá ti parí, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa pinnu pé, "Kí oṣù tí ń bọ̀ tó tán, mo gbọ́dọ̀ ka Kùráánì parí." Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, a ó máa sáré kà á. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti rẹ̀ wá. Bí oṣù bá wá parí tí a kò kà á tán, ojú á tì wá, Kùráánì á padà sórí pẹpẹ títí di Ràmàdáánì mìíràn. Kì í ṣe pé ó burú láti fẹ́ kà á tán. Ibi tí à ń lọ nìkan ni a ń wò, a kò ṣètò ẹsẹ̀ tí a ó máa gbé lójoojúmọ́.

Àìṣátù, ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo, gbà á wá, nínú hádíìsì tí Bùhárì àti Mùsílímù kọ sílẹ̀, pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí èèyàn ń ṣe déédéé, bó tilẹ̀ kéré.

Ẹ wo sàábé Ànábì kan, Abdullahi ọmọ Amru. Nígbà èwe rẹ̀, ó fẹ́ máa gbààwẹ̀ lójoojúmọ́. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí ó máa gba ọjọ́ mẹ́ta lóṣù. Ó ní agbára òun jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí Ànábì fi yọ̀ǹda fún un kí ó máa gbà á lọ́jọ́ kan, kí ó sinmi lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ogbó dé, ó ní òun ìbá ti gba ìrọ̀rùn tí Ànábì kọ́kọ́ fún òun. Síbẹ̀, kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Kùráánì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Mẹ̀dínà ní ojú ewé 604. Bí a bá ń ka ojú ewé kan péré lẹ́yìn ìrun ọ̀ranyàn kọ̀ọ̀kan, ojú ewé 5 ni lóòjọ́. Ní ọjọ́ 121, a ti kà á tán láìsáré. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ohun tí a lè ṣe:

1. Ẹ mú iṣẹ́ kékeré kan, kí ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, bí ìrun.

2. Ẹ jẹ́ kí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọjọ́ ìdánwò tàbí ọjọ́ tó rẹ̀ yín kò fi ní lè dá a dúró.

3. Ẹ̀yin arábìnrin, ní ọjọ́ tí ẹ kì í kírun, ẹ fi sìkíìrì dí àsìkò náà, kí ó má baà ṣófo.

4. Bí ẹ bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì. Ẹ má dúró de oṣù tuntun.

Kí Ọlọ́hun fi ẹsẹ̀ wa múlẹ̀ lórí iṣẹ́ rere. Àmín.