Oògùn Tí Ìmọ́lẹ̀ Ń Jí

Ẹni tó bá ti tọ́jú ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ rí mọ ìyà tó wà níbẹ̀. Irun lè rẹ̀ dànù, èébì lè máa gbé aláìsàn, oúnjẹ lè má wù ú jẹ. Inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn náà ń gbà lọ káàkiri ara, bó ṣe ń ba ibi tí àrùn wà jà ló ń pa ibi tí ara ti le lára. Ẹ wo cisplatin, oògùn tí wọ́n fi irin iyebíye tí à ń pè ní platinum ṣe. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1978, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là, àmọ́ ó lè ba kíndìnrín àti etí jẹ́.

Ǹjẹ́ a lè rí oògùn tí yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú ara, tí kò ní ṣiṣẹ́ àfi níbi tí dókítà bá tan iná sí?

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1900, ní ìlú Munich ní Jámánì, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan, Oscar Raab, po aró kan mọ́ omi tí àwọn ẹ̀dá tíntìntín ń gbé inú rẹ̀. Nínú ìmọ́lẹ̀, wọ́n kú kíákíá. Nínú òkùnkùn, wọn kò tètè kú. Aró kan náà ni; ìmọ́lẹ̀ ló mú ìyàtọ̀ wá.

Lónìí, irin kan tí àwọn onímọ̀ ń lò púpọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí ni ruthenium, ọmọ ìyá platinum, tí Karl Claus ṣàwárí ní Kazan, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ní 1844. Wọn kì í lò ó lásán. Wọ́n á so àwọn èròjà mìíràn yí i ká, irin náà á wà láàárín. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, á gba agbára ìmọ́lẹ̀ náà, á sì gbé e fún ọ́síjìn tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ọ́síjìn yẹn á wá di oníjà, á ba ohun tó bá wà nítòsí rẹ̀ jẹ́. Kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó rọlẹ̀, nítorí náà kò lè rìn jìnnà.

Ọ̀kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni TLD-1433, tí onímọ̀ kẹ́mísìrì kan, Sherri McFarland, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Láti 2017 ni wọ́n ti ń dán an wò lára ènìyàn ní Toronto, ní Kánádà, fún jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Àwọn tí wọ́n yàn ni àwọn tí BCG kò ràn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, BCG yìí kan náà tí à ń gún fún ọmọ tuntun nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ; wọ́n máa ń dà á sínú àpò ìtọ̀ láti fi gbógun ti jẹjẹrẹ. Ẹni mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ da oògùn sínú àpò ìtọ̀, á wà níbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, wọ́n á fi omi ṣàn án kúrò, wọ́n á wá ti okùn ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń tàn, torí kì í wọnú ẹran ara jìnnà bíi pupa. Ìdí gan-an tí wọ́n fi yàn án nìyẹn: ojú àpò ìtọ̀ ni àrùn náà wà, iṣan tó wà nísàlẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fara gbọgbẹ́.

Ibi tí iná kò bá lè dé, oògùn yìí kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Jẹjẹrẹ tó ti tàn ká egungun kọjá agbára rẹ̀.

Ruthenium yìí tún lè máa tàn fúnra rẹ̀. Ní 1990, Jacqueline Barton, ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èròjà ruthenium kan hàn tí kì í tàn nínú omi, ṣùgbọ́n tó ń tàn yòò bó bá ti lẹ̀ mọ́ DNA, ìyẹn èròjà àbùdá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Irú ìtànṣán báyìí ni àwọn onímọ̀ ń fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò, kí wọ́n lè mọ ibi tí oògùn fìdí kalẹ̀ sí nínú sẹ́ẹ̀lì.

Ìwádìí ṣì ń lọ lórí TLD-1433. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ kiri ọjà pé òun fi ń wo jẹjẹrẹ, ẹ má fún un lówó. Bí ẹ bá sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ yín, bí kò tilẹ̀ dùn yín, ẹ má kàn pè é ní àtọ̀sí ajá kí ẹ sì dákẹ́. Àtọ̀sí ajá fúnra rẹ̀, bó bá pẹ́ lára, lè fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ̀ yín wò.